Akínwálé, má fi àṣẹ nìkan ṣe é

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Akínwálé ọmọ mi,

Inú èmi àti ìyá rẹ dùn pé wọ́n ti gbé ọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ológun láti máa kọ́ àwọn kádẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n èyí tí o sọ pé láàárín oṣù mẹ́ta o fẹ́ fòpin sí ìyà tí àwọn síníọ̀ fi ń jẹ júníọ̀, òun ni kò jẹ́ kí n sùn. Ohun rere ni. Ọ̀nà tí o fẹ́ gbé e gbà ló ń kọ mí lóminú.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo pàṣẹ ní àsẹ́ńbílì pé síníọ̀ kankan kò gbọdọ̀ na júníọ̀ mọ́. Gbogbo wọn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bá ọmọ kan lẹ́yìn táǹkì omi, ó ń rọra da omi sẹ́yìn ara rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́. Ó ní òun ṣubú ni. Kò gbà pé mo lè gba òun lọ́wọ́ wọn.

Ìgbà náà ni mo pe àwọn síníọ̀ jókòó, mo bi wọ́n léèrè ẹni tó nà wọ́n nígbà tiwọn. Ọ̀kan ká ṣòkòtò sókè, ó fi àpá orúnkún rẹ̀ hàn mí. Àwọn fúnra wọn ló wá pín àwọn júníọ̀ mọ́ra wọn láti máa tọ́jú.

Ọ̀gágun Douglas MacArthur di olórí West Point, ilé-ẹ̀kọ́ ológun ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1919. Ó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn kádẹ́ẹ̀tì tuntun kúrò lọ́wọ́ àwọn síníọ̀, ó fi lé àwọn ọ̀gá ológun lọ́wọ́. Ó jàre. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àtijọ́ ibẹ̀ kò bá a ṣọ̀kan. Nígbà tó lọ lọ́dún 1922, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ yí púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Àwa náà ní ẹni tí kò fi agbára nìkan ṣe é. Fábùnmi Òkè-Mẹ̀sí ló kọ́kọ́ ṣíwájú nínú ogun Kírìjí, síbẹ̀ ó gbà kí Ògèdèǹgbé Iléṣà ṣe olórí ogun.

Àmọ́ o, bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹ̀mí, má pe ìpàdé kankan. Pàṣẹ lójú ẹsẹ̀.

Sájẹ́ǹtì tó pẹ́ jù lórí pápá, lọ bá a kí o tó kọ ìwé kankan sí ọ̀gá rẹ. Jẹ́ kó sọ ohun tójú rẹ̀ ti rí. Tí o bá kọ̀wé sí mi, ohun tó sọ ni kí o kọ́kọ́ kọ.

Bàbá rẹ