Lẹ́tà sáà kẹta sí ẹ̀yin òbí: ìtọ́jú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àwọn ọmọ wa nílé

Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àti ti ìdánwò wà nínú ìwé kejì tí ẹ óò bá nínú báàgì àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí díẹ̀ nínú wọn ń lò ni mo fi lẹ́tà yìí wá bá yín sọ.

Lọ́jọ́ kan ní sáà tó kọjá, tíṣà pe ọmọbìnrin kan ní JS 2 lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oríkunkun ló ń ṣe. Mo ní kó bọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ fún mi, mo sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀kán omi kan ló jókòó sínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn ń gbà wọ etí, bí ìrì lórí ewé kókò. Bátìrì kò kú, etí ọmọ kò sì burú sí i. Omi ló dí ọ̀nà. A fẹ́ ẹ jáde, mo pè é láti ẹ̀yìn, ó dáhùn. Ọjọ́ mélòó ló ti fi jókòó ní kíláàsì láìgbọ́ nǹkan kan? Ọkàn mi kò balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Òjò ti dé báyìí, òógùn kò sì fi ọmọ sílẹ̀. Nítorí náà, lálaalẹ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó mọ́ nu ẹ̀rọ náà. Èyí tó ń wà lẹ́yìn etí, ẹ yọ apá tó ń wọ ihò etí kúrò lára rẹ̀, òun nìkan sì ni kí ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀. Ẹ̀rọ gan-an kò gbọdọ̀ kan omi. Ẹ má lo spírítì, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ tú èérí etí jáde. Rọ́bà kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ kó fẹ́ afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi lé omi jáde. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí èémí ẹnu náà ní omi nínú. Kó gbẹ mọ́jú kí ẹ tó tò ó padà.

Ẹ ṣí ilé bátìrì sílẹ̀ mọ́jú. Ẹ má sá ẹ̀rọ sóòrùn, ẹ má gbé e sẹ́bàá sítóòfù. Bí ẹ bá fẹ́ di irun ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bọ́ ọ, torí ìpara irun a máa dí ojú ihò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ń súfèé ṣáá, ó lè jẹ́ pé etí ọmọ ti tóbi ju èyí tí wọ́n wọ̀n tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ mú un padà lọ síbi tí wọ́n ti ṣe é, ẹ má ki òwú bọ̀ ọ́.

Bátìrì tó ní bébà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló ń jí i. Ẹ má ṣí bébà náà títí ẹ óò fi fẹ́ lò ó, kí ẹ sì dúró bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó kì í bọlé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé bátìrì wọ̀nyí jìnnà sí àwọn ọmọ ọwọ́. Bí ọmọ bá gbé e mì, láàárín wákàtí 2 ó lè ti jó o lọ́nà ọ̀fun. Ẹ má fipá mú un bì, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Láti sáà yìí lọ, a óò máa yẹ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò láràárọ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi bátìrì 2 tó kù sípamọ́ ránṣẹ́ sí tíṣà kíláàsì, kì í ṣe sínú àpò ọmọ. Ẹni tí yíyọ apá tó ń wọ ihò etí náà bá ń dẹ́rù bà, kó wá bá mi lọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì tí ilé-ìwé bá ti parí, kó mú ọmọ àti ẹ̀rọ dání. A óò jọ ṣe é.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá ilé-ìwé