Ọ̀rọ̀ àwọn ará Gagauzia ju owó Rọ́ṣíà lọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ìròyìn yín lórí Moldova, orílẹ̀-èdè kan ní ìlà-oòrùn Yúróòpù, sọ gbogbo ará Gagauzia, agbègbè tó ń dá ara rẹ̀ ṣàkóso níbẹ̀, di ẹni tí Rọ́ṣíà fi owó rà. Mi ò fara mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé owó wọlé: lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, ilé ẹjọ́ rán Evghenia Guțul, tó jẹ́ olórí agbègbè náà nígbà náà, lẹ́wọ̀n ọdún 7 lórí owó Rọ́ṣíà tí wọ́n kó fún ẹgbẹ́ òṣèlú Șor.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ló wà nídìí bí wọ́n ṣe ń fetí sí Rọ́ṣíà. Èdè Gagauz bá ti Tọ́kì tan, òfin ọdún 1994 sì sọ ọ́ di èdè ìjọba níbẹ̀. Síbẹ̀, èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Wákàtí díẹ̀ ni Gagauz ń rí láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Romania, èdè ìjọba Moldova, dáadáa, ẹnu Rọ́ṣíà ni yóò ti máa gbọ́ ohun tí ìjọba tirẹ̀ ní Chișinău, olú ìlú Moldova, ń ṣe. Bí ìjọba bá ti ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tó ń gbè sẹ́yìn Rọ́ṣíà pa, orí Telegram ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbà lọ. Kí wọ́n wá olùkọ́ èdè Romania tó dáńtọ́ sí Comrat, olú ìlú Gagauzia, àti àwọn abúlé rẹ̀, kí ìròyìn abẹ́lé sì máa jáde lójoojúmọ́ ní èdè Gagauz àti ti Rọ́ṣíà.

Olùkọ́ ìtàn,
Ìbàdàn.