Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: owó aṣọ iléèwé yẹn ti dé kóòtù

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Ẹ kú òtútù Manchester o. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí.

O bèèrè bóyá onílé-ìwé yẹn ti san owó mi. Kò tíì san án. Mo ti pè é lẹ́jọ́, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí àwọn ará Mushin tó fi iyọ̀ sí i fún ọ.

Ìwọ mọ iṣẹ́ tó wà nínú aṣọ iléèwé. Ṣẹ́ẹ̀kì búlúù ni, kọ́là funfun; tí ìlà ọ̀tún kò bá bá ti òsì pàdé níbi tí a ti rán an pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni ojú máa kọ́kọ́ lọ. 150 ni mo rán, 6,500 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 975,000. Ó san 300,000 kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ. Ó ku 675,000. Òun fúnra rẹ̀ ló gba ẹrù, tó fọwọ́ sí ìwé pé ó pé. Láti ìgbà náà, òní ni ìparí oṣù, ọ̀la ni àwọn òbí kò tíì san owó iléèwé. Bẹ́ẹ̀ owó aṣọ wà nínú rìsíìtì tí ìyá ọmọ kan ládùúgbò wa fi hàn mí! Àpò ara mi ni mo ti san owó àwọn ọmọ iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú ọlọ́pàá lọ. Mo kọ̀. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí pé ó yẹ àdéhùn lásán, gbèsè sì wà lára rẹ̀. Ìyá àgbà Ìjẹ̀ṣà tó wà lójúlé kejì ní kí n ṣe òṣómàáló fún un, kí n lóṣòó sẹ́nu géètì títí yóò fi sanwó. N kò fẹ́ kí àwọn ọmọ tó wọ aṣọ mi dúró máa wo ìjà lórí aṣọ ọ̀hún.

Kóòtù tí wọ́n ń pè ní Small Claims ni mo lọ. Ọdún 2018 ni wọ́n dá a sílẹ̀ l'Ékòó, lábẹ́ kóòtù májísíréètì. Gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́, lọ́yà kò sì pọn dandan. Wọ́n fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Kí o tó lè pẹjọ́, o gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé béèrè owó rẹ sí onígbèsè náà. Mo kọ ọ́, mo fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, kò fèsì. Mo fẹ́ kí wọ́n ka ìyà tó fi jẹ mí mọ́ ọn, ṣùgbọ́n akọ̀wé kóòtù ní owó tí iye rẹ̀ ti dájú nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ó dùn mí, torí ìyà náà kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n 675,000 náà dájú, kò ṣeé jiyàn.

Mo kó ìwé iye owó iṣẹ́ dání, àti èyí tó fọwọ́ sí nígbà tó gba ẹrù, àti ẹ̀rí owó tó fi ránṣẹ́ sí báńkì mi. Èyí tí mo gbójú lé jù ni ọ̀rọ̀ WhatsApp tó kọ fúnra rẹ̀: “Madam, owó yín tó kù wà lọ́kàn mi, ẹ ní sùúrù.” Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, tòun ti ọjọ́ tó fi kọ ọ́. Ìyá Ìbejì, ẹni tó kọ irú èyí kò lè ní òun kò jẹ gbèsè mọ́.

Akódà kóòtù gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ. Wọ́n ní ọ̀gá ti jáde, bẹ́ẹ̀ mọ́tò rẹ̀ wà nínú ọgbà. Kóòtù wá fọwọ́ sí i kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Àṣálẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí, pé mo ti tú òun fó lójú àwọn òbí. Lẹ́yìn náà ló rán àgbàlagbà kan wá pé kí n gba 200,000, kí n yọ ẹjọ́ kúrò. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá náà, mo sì sọ fún wọn pé tí ó bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀, kó wá sọ ọ́ níwájú adájọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ kóòtù. N kò tún gba ìlérí ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ìwọ náà, obìnrin tí o ṣe aṣọ ìgbéyàwó fún, tó ní ó di ìgbà tí òun bá gbowó oṣù, má fi í sílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ yín, kóòtù ń gba irú rẹ̀ títí dé £10,000, a sì lè pe ẹjọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún mẹ́fà ni òfin fún ẹni tí wọ́n jẹ lówó àdéhùn, níbí àti lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n má dúró tó bẹ́ẹ̀. Wá àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ sí ọ jáde lónìí.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbẹ́jọ́. Bàbá Ṣọlá ní òun máa tẹ̀ lé mi. Màá pè ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, má tètè sùn. Bá mi kí àwọn ìbejì àti bàbá wọn dáadáa.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Ṣọlá