Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Kí Ó Tó Lọ sí Kámpù

Abẹ́òkúta,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Àǹtí rẹ àti gbogbo ará ilé ní Sùúrùlérè. Àlàáfíà ni àwa náà wà. Àbúrò rẹ ṣì ń fi bọ́ọ̀lù fọ́ ìkòkò òdòdó mi, bàbá rẹ sì ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò pé orúkọ rẹ wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n mú lọ sí kámpù eré sísá. Mo mọ̀ pé o ṣàkíyèsí pé mo dákẹ́ lórí fóònù nígbà tí o sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ óò lò níbẹ̀. Kì í ṣe pé inú mi kò dùn. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi tí n kò lè sọ nígbà tí gbogbo ilé ń gbọ́, tí n kò sì fẹ́ kí o lọ láìgbọ́, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti sùn.

Láti kékeré ni a ti kọ́ ọ pé kí o kúnlẹ̀ kí àgbà, kí o má já lu ọ̀rọ̀ wọn, kí o fi ọwọ́ méjèèjì gba ohun tí wọ́n bá fún ọ, bí wọ́n bá sì rán ọ níṣẹ́, kí o jẹ́ ẹ láìbéèrè ìdí. N kò kábàámọ̀ ẹ̀kọ́ yẹn, nítorí ó ti sọ ọ́ di ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀bi èmi àti bàbá rẹ sì ni pé a kò fi ìdajì kejì kún un. Ìdajì tó kù náà ni pé ọ̀wọ̀ tí o ń bù fún àgbà wà ní orúnkún rẹ àti ní ẹnu rẹ, kò dé ara tí o fi aṣọ bò. Kò sí àgbà kan, ì báà jẹ́ kóòṣì, dókítà, pásítọ̀, ààfáà tàbí ìbátan wa, tí o jẹ ní gbèsè ara rẹ nítorí pé ó kọ́ ọ ní nǹkan. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn ọ́ ní ọ̀nà tí kò bá ọ lára mu, tí o sì sọ pé, “Rárá, sà,” kì í ṣe àfojúdi. Bí o bá tilẹ̀ fẹ́, o lè kúnlẹ̀ sọ ọ́.

N kò sọ pé kóòṣì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan eléré ìdárayá rárá o. Èmi náà sáré nígbà èwe mi, mo sì mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí ẹnu nìkan kò lè kọ́ni. Kóòṣì lè tún èjìká rẹ ṣe nígbà tí o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ibi tí ẹ ti fẹ́ gbéra, ó lè gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ sókè díẹ̀, bí ẹ bá sì ń kọ́ eré tí ẹni mẹ́rin fi ń gbé ọ̀pá fún ara wọn, ó lè di ọwọ́ rẹ mú kí o lè mọ bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń ṣí gba ọ̀pá. Bí iṣan bá ká ọ lẹ́sẹ̀ láàárín pápá, ẹni tó bá sún mọ́ ọ jù ni yóò sáré gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Gbogbo èyí kò ní àbùkù. Ohun tí mo fẹ́ kí o máa wò ni pé ọwọ́ tó mọ́ kì í sá fún ojú ènìyàn: ojú gbogbo yín ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn ọ́ ti kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe àti ìdí rẹ̀, bí o bá sì ní ó tó, ó tó nìyẹn, kò ní bínú, kò sì ní yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí yóò sáré lọ́la. Bí ó bá jẹ́ ìbàdí ni ó fẹ́ kí o gbé sókè kí ẹ tó gbéra, ó lè fi ẹnu sọ ọ́, ó lè fi ara rẹ̀ ṣe é kí o rí i. Kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá dé ibẹ̀. Nína iṣan ẹ̀yìn itan, tí ẹnì kan máa ń dùbúlẹ̀ tí ẹnì kejì á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ̀yin ọmọbìnrin ni kí ẹ máa ṣe é fún ara yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀níkí. Ọwọ́ rẹ dé gbogbo ibi tí iṣan ti lè máa dùn ọ́ láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé itan, nítorí náà fi ọwọ́ ara rẹ pa á. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni, ní kí ọ̀rẹ́ rẹ bá ọ pa á. Bí ìpalára náà bá ju àbọ̀níkí lọ, nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú iṣan ló kàn, kí aṣọ wà lára rẹ, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí obìnrin àgbà kan sì wà nítòsí. Mo fi àbọ̀níkí méjì sínú ẹrù tí dẹ́rẹ́bà yóò gbé wá fún ọ, pẹ̀lú gàrí àti kúlíkúlí. Ọ̀kan ni tìrẹ, fi èkejì fún ọmọbìnrin tí ẹ óò jọ wà nínú yàrá kan náà.

Mo dúró pẹ́ lórí àbọ̀níkí nítorí òun ló mú mi fi eré sísá sílẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 15, ìgbákejì kóòṣì kan wà ní kámpù tí a lọ, ẹni tí gbogbo wa fẹ́ràn nítorí pé kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣan itan ń dùn mí. Ó ní kí n wá sí yàrá tí wọ́n ń kó àwọn irinṣẹ́ sí kí òun bá mi fi àbọ̀níkí ra á, ó sì ti ilẹ̀kùn, ó ní atẹ́gùn kò gbọdọ̀ fẹ́ sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibi tó ń dùn mí náà ló fọwọ́ rà. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ kọjá ibẹ̀. N kò pariwo, n kò sá. Ṣe ni gbogbo ara mi kú, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn kóònù tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo sì rántí títí di òní pé 22 ni wọ́n. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Ìyá Àgbà. Wọ́n ní, “Bàbá ni wọ́n jẹ́ sí ọ, má ba orúkọ olórúkọ jẹ́.” N kò bínú sí wọn mọ́, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n fi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé orúnkún ló dá mi dúró. Ìwọ náà ti gbọ́ ìtàn orúnkún yẹn lẹ́nu mi. Kì í ṣe òótọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ nípa Larry Nassar, dókítà àwọn ọmọbìnrin tí ń ṣe jimnásíìkì fún Amẹ́ríkà, tí ó tún ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan, ó sì dà bí ẹni pé ìtàn mi ni wọ́n ń sọ fún mi. Ìtọ́jú ni òun náà pe ohun tí ó ń ṣe. Ìwé ìròyìn Indianapolis Star gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 2016, lẹ́yìn tí Rachael Denhollander, ọ̀kan lára àwọn tí ó ṣe é fún, sọ̀rọ̀ tí ó sì gbà kí wọ́n kọ orúkọ òun síta. Ní oṣù kìíní 2018, ilé ẹjọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ó lé ní 150 kí adájọ́ tó dá ẹ̀wọ̀n ọdún 40 sí 175 fún un, yàtọ̀ sí ọdún 60 tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ti dá fún un ṣáájú. Nǹkan méjì nínú ọ̀rọ̀ náà ni kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn ìyá kan wà nínú yàrá nígbà tí ó ń ṣe é. Ó fi ara rẹ̀ dí wọn lójú, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń bá a tàkúrọ̀sọ. Òun sì tún ni ẹni jẹ́jẹ́ láàárín àwọn àgbà tó le: ní ibùdó ìgbaradì tí wọn kì í jẹ́ kí òbí wọ̀, tí wọ́n ń ṣọ́ oúnjẹ mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu, òun ló máa ń yọ́ fún wọn ní súìtì. Ẹnì kan nínú wọn sọ pé láti 1997 ni òun ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, tí wọn kò ka ọ̀rọ̀ òun sí. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, mo pa fóònù dé, mo lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó ní èrò burúkú kì í sábà fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó lè fi bàtà eré sísá tuntun bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò rà fún ẹlòmíràn, tàbí kí ó máa fi mọ́tò gbé ìwọ nìkan relé nígbà tí àwọn yòókù ń wọ dáńfó. Lẹ́yìn náà ni yóò máa kọ̀wé sí ọ lórí WhatsApp ní aago mọ́kànlá alẹ́, lórí ohun tí kò kan eré sísá, á ní ìwọ nìkan lọ̀rọ̀ òun yé, á sì ní kí o pa á rẹ́ lẹ́yìn tí o bá kà á tán. Ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tí “má sọ fún màmá rẹ” bá wà nínú rẹ̀, èmi gan-an ni kí o kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, má sì pa nǹkan kan rẹ́ lórí fóònù. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Nassar, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018 àti ìlànà U.S. Center for SafeSport, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn eléré ìdárayá níbẹ̀, mú un ní dandan pé kí àgbà àti ọmọdé máa wà ní ibi tí ẹlòmíràn ti lè rí wọn, tí ó sì lè dá sí i, àti pé bí kóòṣì bá ń kọ ọ̀rọ̀ sí ọmọdé, kí àgbà mìíràn wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, n kò sì rí ohun tó ní kí àwa má ṣe é.

Mo pe kóòṣì rẹ ní Ọjọ́bọ̀, mo sì sọ fún wọn pé èmi tàbí Àǹtí rẹ ni kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ sí. Wọ́n gbà láìjanpata, wọ́n sì ní obìnrin kan yóò máa sùn ní ilé tí ẹ̀yin ọmọbìnrin wà. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe dá mi lóhùn, n kò sì ro ibi sí wọn. Bí mo bá tilẹ̀ mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó, ohun tí mo kọ síhìn-ín náà ni n óò kọ.

Nígbà tí àbúrò rẹ bá dàgbà díẹ̀, fi ibi yìí hàn án, nítorí àwọn ènìyàn wa máa ń rò pé ọmọbìnrin nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Barry Bennell kọ́ àwọn ọmọdékùnrin ní bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Crewe Alexandra. Ẹ̀rọ géèmù àti ẹran ọ̀sìn ló fi ṣe ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn òbí sì ń fi ọmọ wọn sílẹ̀ kí ó lọ sùn níbẹ̀. Ọdún 2016 ni Andy Woodward, tó ti di ọkùnrin ọlọ́dún 43, sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Bennell padà sẹ́wọ̀n ní 2018, ó sì kú síbẹ̀ ní 2023.

Ní Nàìjíríà níbí, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, kò sì gba “òun náà fẹ́ ẹ” gẹ́gẹ́ bí àwíjàre lẹ́nu àgbà tó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kúrò níbẹ̀ bí o bá lè kúrò, lọ sí ibi tí ènìyàn pọ̀ sí, kí o sì pè mí tàbí kí o pe Àǹtí rẹ. Bí ó bá jẹ́ èyí tó burú jù, tí n kò fẹ́ fi ẹnu dárúkọ rẹ̀, má tíì wẹ̀, má sì fọ aṣọ tó wà lára rẹ. Àǹtí rẹ mọ Mirabel Centre ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2013. N kò ní bi ọ́ léèrè ohun tí o lọ wá níbẹ̀, tàbí irú ṣòkòtò tí o wọ̀. Bí ara rẹ bá kú bí tèmi, tí ohùn kò jáde, bí ẹ̀rù ṣe ń ṣe ara nìyẹn, kò túmọ̀ sí pé o gbà. Bí ó bá sì pẹ́ kí o tó lè sọ ọ́, kò ní pẹ́ jù fún mi láti gbọ́.

Mo mọ̀ pé fóònù lè wà ní ọwọ́ àwọn àgbà ní kámpù, tí ẹ óò máa pè wá lójú gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ní ọ̀rọ̀ kan láàárín ara wa. Bí o bá pè mí, tí o sì sọ pé, “Màmi, orúnkún ń dùn mí,” n kò ní béèrè nǹkan kan lórí fóònù. Mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá kúrò ní Kútọ̀ ni n óò wọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ òru ni, bàbá rẹ mọ ọ̀nà Èkó dáadáa, mo sì ti sọ fún wọn. Ìbáà ku ọ̀la kí ẹ díje, n óò wá. Bí ó bá sì jẹ́ pé orúnkún lásán ló ń dùn ọ́ lóòótọ́, n óò ṣì wá.

Èmi ni,
Màmi rẹ.