Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi kan fún yín

Hampton, Virginia
12 Oṣù Kẹwàá

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé Ìdòwú ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Ìdòwú, jọ̀ọ́, rọra kà á. Má fo ibì kankan, má sì fi tìrẹ kún un. Ibi tí Màámi bá ti ní kí o tún kà, tún un kà.

Ara mi le. Mò ń jẹun dáadáa.

Mo gbọ́ ohun tí Bàbá Kékeré sọ níjọ́sí, pé kí ló dé tí ọmọ fi la òkun kọjá, tó tún wá lọ jókòó sáàárín àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiẹ̀, pé ṣé ilé-ìwé òyìnbó ti tán nílẹ̀ ni. Ẹ ò dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ẹ ṣe dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ká yín lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Igi kan wà nílé-ìwé wa níbí, Hampton University. Oak ni wọ́n ń pè é. Kò ga tó ìrókò, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ nà lọ gbọọrọ, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 98 láti ìkángun kan dé ìkejì. Ká ní ọjà wa ló wà, gbogbo ìsọ̀ aláta ni ìbá ṣíji bò. Ní 1861, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹrú mẹ́ta kan fi òru wa ọkọ̀ ojú omi sá lọ sí Fort Monroe, odi àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, tí kò jìnnà síbí. Ọ̀gágun tó wà níbẹ̀ kọ̀, kò dá wọn padà fún ẹni tó ni wọ́n. Bí ìròyìn ṣe tàn báyìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sá tẹ̀lé wọn. Màámi, etíkun yẹn kan náà ni ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí ní 1619 pẹ̀lú àwọn ọmọ Áfíríkà bí ogún, tí wọ́n kó láti Angola. Ibi tí wọ́n gbà wọ oko ẹrú ni àwọn ọmọ ọmọ wọn tún gbà jáde.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Mary Peake, tí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹrú, ló kó wọn jọ sábẹ́ igi náà tó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Òfin Virginia kò gba irú ẹ̀ láyè, ìkọ̀kọ̀ ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. Ikọ́ ife pa á kí ọdún kan tó yí po. Ní 1863, abẹ́ igi yẹn náà ni wọ́n ti ka ìkéde Ààrẹ Lincoln, pé àwọn ẹrú tó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba àpapọ̀ jà ti dòmìnira. Wọ́n kà á sí àwọn èèyàn létí, bí Ìdòwú ṣe ń ka èyí sí yín létí lọ́wọ́ yìí. Ọdún 1868 ni wọ́n dá ilé-ìwé wa sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wa, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù kan. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé ìyá rẹ kàwé dé ibo. Mo di kálàmù mú, n kò lè kọ nǹkan kan. Mo rántí bí ẹ ṣe sọ fún mi pé ìwé kejì ni Bàbá àgbà ti yọ yín, torí pé owó tó wà nílẹ̀, ti àwọn ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ni, tí wọ́n sì gbé igbá lé yín lórí. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Obìnrin tó gbà á wò ó, ó ní ìyá àgbà òun náà bẹ́ẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ara tù mí.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò sí ẹni tí mo lè bi nílé. Àwọn olùkọ́ máa ń dá wákàtí kan sí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá bá wọn ní ọ́fíìsì. Èmi rò pé ẹni tó bá ṣẹ̀ ni wọ́n ń pè lọ síbẹ̀, mi ò yọjú títí ìdánwò ìṣirò fi fẹ́ já mi kulẹ̀. Olùkọ́ náà ló wá mi rí, ó ní, “Láti ọjọ́ yìí, ibo lo wà?” Láti ìgbà náà, ọjọ́rú-ọjọ́rú ni mò ń lọ.

Ẹ gbọ́ èyí, yóò dùn mọ́ yín. Ní 1872, ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sóko ẹrú, Booker T. Washington, wá síbí láti ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ ló fi rin púpọ̀ nínú ẹ̀. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ti dọ̀tí, olùkọ́ tó rí i ń ṣiyè méjì. Ó ní kó lọ gbá yàrá kan. Ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, ó nu eruku rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Olùkọ́ fi aṣọ ìnujú nu ara pákó inú yàrá náà, kò rí ìdọ̀tí kankan. Ìdánwò tó fi wọlé nìyẹn. Ìgbálẹ̀, Màámi! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá mi padà sábẹ́ bẹ́ǹṣì pé ibẹ̀ yẹn ò tíì mọ́.

Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Kékeré pé Azikiwe náà, Storer, Howard àti Lincoln ló lọ, ilé-ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mary Jackson, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di ẹnjiníà ní NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rán èèyàn lọ sí òfurufú, ibí ló ti jáde ní 1942. Wọn kò lé òyìnbó, wọ́n wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n tí mo bá nawọ́ ní kíláàsì tí mo sì ṣì í, èmi nìkan ni mo ṣì í. Ẹnikẹ́ni kò ní fi mí ṣe ìwọ̀n gbogbo aláwọ̀ dúdú. N kò mọ̀ pé ẹrù wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi dé orílẹ̀-èdè yìí.

Ní ti owó, ẹ má ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Mo ti ríṣẹ́ nínú ọgbà ilé-ìwé, wákàtí 20 lọ́sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún irú físà wa nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ lọ́wọ́.

Ewé tó wà nínú àpòòwé, ewé igi náà ni. Mi ò já a, ó jábọ́ fúnra rẹ̀ ni.

Ìdòwú sọ fún mi pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà nílé-ìwé tó wà lẹ́yìn ọjà, àmọ́ ẹ ní ojú ń tì yín. Màámi, mo bẹ̀ yín. Tí ẹ bá fẹ́ fèsì, kí Ìdòwú kọ gbogbo ohun tí ẹ bá ní kó kọ. Ṣùgbọ́n níbi orúkọ, nísàlẹ̀ pátápátá, kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Bó pẹ́ tó oṣù mẹ́ta, màá dúró dè é.

Èmi ọmọ yín,
Àjọkẹ́