Ilé tuntun yìí, àwọn wo lẹ kọ́ ọ fún?

Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Àná ni mo mú ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9 tó ní ọ́tísíìmù (ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, ariwo àti iná sì tètè máa ń ni ín lára), lọ ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ nínú ilé tuntun tí wọ́n ń yìn ṣáá yẹn. Ká tó jókòó, ó ti fọwọ́ di etí. Táìlì nílẹ̀, gíláàsì lára ògiri, àjà ga fíofío, bàtà ẹnì kan ṣoṣo á máa dún káàkiri, ká má tíì sọ ti ẹ̀rọ tó ń pe nọ́ńbà. Ilé tuntun, iná gbọọrọ ayé àtijọ́! Irú iná yẹn lè máa ṣẹ́jú tó ìgbà 100 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ẹ̀yin lè má rí i o, àmọ́ ó máa ń ni àwọn míì lára gan-an.

Ọmọ bú sẹ́kún, ó kó sábẹ́ àga. Òṣìṣẹ́ kan ní kí n lọ kọ́ ọmọ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ wo? Kò síbì kankan tí mo lè mú un wọ̀ kára ẹ̀ fi balẹ̀, nínú ilé tó tóbi tó yẹn, kò sí! Inú oòrùn la lọ dúró sí títí nọ́ńbà wa fi kọjá.

Àwọn tó ń fọwọ́ sí pláànù, ṣé wọ́n rò pé bákan náà ni ọpọlọ gbogbo èèyàn ń ṣiṣẹ́ ni? Kì í ṣe pé ìmọ̀ ò sí. Magda Mostafa, ayàwòrán-ilé ọmọ Íjíbítì, ti ṣe ìlànà ilé kíkọ́ tó ń jẹ́ ASPECTSS nítorí àwọn tó ní ọ́tísíìmù, ibi téèyàn lè sá sí wà nínú ẹ̀. Lọ́dún 2022, wọ́n gbé ìwé ìlànà PAS 6463 jáde ní Bìrìtéènì lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà.

Yàrá ìdákẹ́jẹ́ kan péré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kó má tóbi, kó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pe nọ́ńbà, kí nọ́ńbà náà máa hàn lára ògiri ibẹ̀ láìpariwo. Kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i, kéèyàn lè dín iná ẹ̀ kù, kí ọ̀dà ẹ̀ má tàn yòò, kí ilẹ̀kùn ẹ̀ má máa dún gbàmù, kẹ́nikẹ́ni má sì bi wá pé kí ló ṣe wá ká tó wọlé. Kí wọ́n má sì wá sọ ọ́ di stóò o! Kí wọ́n fi nǹkan tó ń gba ariwo sí àjà gbọ̀ngàn náà, kí wọ́n pààrọ̀ iná yẹn.

Kò síbì kankan tá a lè sinmi sí, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ká padà wá, àtàná lọmọ sì ti ń bi mí pé ṣé ilé aláriwo yẹn náà ni.

Èmi ni,
Ìyá ọmọ kan