B.A. àmúlùmálà: ẹ fi akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀nà kí ẹ tó tú u sílẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé kan tí ẹ gbé jáde, tó ní B.A., ìyẹn dìgírì àkọ́kọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣa kọ́ọ̀sì rẹ̀ jọ kò ju àmúlùmálà lọ, pé àwọn ọ̀lẹ ló wà fún. Irú B.A. bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo lè pè ní irọ́.

Ìtàn ni mo fẹ́ràn jù nígbà tí mo wọlé. Mo fi ẹ̀kọ́ nípa èdè kún un, mo fi fìlọ́sọ́fì kún un, mo tún lọ mú kọ́ọ̀sì kan nínú sìtàtísítíìsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ka àkójọ nọ́ńbà kí a tó rí ìtumọ̀ nínú rẹ̀, torí mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi àkọsílẹ̀ ìkànìyàn àtijọ́ wádìí ibi tí àwọn ìdílé ṣí lọ. Ọdún méjì àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Ní ọdún kẹta, mo fẹ́ wọ kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀hún gan-an. Akọ̀wé tó gba fọ́ọ̀mù mi ṣí ìwé ìlànà, ó fi bírò tọ́ka sí ìlà kan tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà: ẹni tí kò bá tíì ṣe kọ́ọ̀sì sìtàtísítíìsì kejì kò lè wọ̀ ọ́. "Ẹ ò rí ibí yìí ni?" Láti ọdún kìíní ni ìlà yẹn ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fi hàn mí. Kọ́ọ̀sì tí mo wá fi dí àlàfo náà, n kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ibi tí irú dìgírì yìí ti ń bàjẹ́ nìyẹn, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Charles Eliot di ààrẹ Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ní 1869, díẹ̀díẹ̀ ló ń dín kọ́ọ̀sì kàn-ńpá kù títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń wá rí i ṣe. Ọ̀pọ̀ tó kù ń kó kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ jọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà. Abbott Lawrence Lowell, tó gbapò rẹ̀ ní 1909, ló wá ní kí oníkálukú mú ẹ̀ka kan tí yóò ti jinlẹ̀.

Yunifásítì Brown, ní Amẹ́ríkà bákan náà, fagi lé kọ́ọ̀sì kàn-ńpá tó kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní 1969, síbẹ̀ èèyàn gbọ́dọ̀ parí ẹ̀ka kan. Bó bá fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀, àfi kó kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ní Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn lè po ìtàn mọ́ sáyẹ́ǹsì nínú dìgírì krẹ́díìtì 360 (krẹ́díìtì ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ tí kọ́ọ̀sì gbà), ṣùgbọ́n 120 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìpele tó ga jù. Ní Gallatin, ilé-ẹ̀kọ́ kan tó wà lábẹ́ New York University, akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó níwájú àwọn olùkọ́ kó tó gboyè, á fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó so àwọn ìwé tó kà pọ̀. (Ká ní wọ́n bi mí bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá kákò!)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò irú B.A. yìí, ojú ewé kan péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dún kìíní. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìbéèrè tó ń wá ìdáhùn sí. Kí ó kọ́kọ́ to kọ́ọ̀sì ọdún tó kẹ́yìn, kó wá máa bọ̀ wá sí ìsinsìnyí, kó lè rí gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kí olùkọ́ kan tó mọ̀ ọ́n lójú máa fọwọ́ sí i lọ́dọọdún. Bí ọkàn rẹ̀ bá yí padà, kó ya á, kó kọ òmíràn.

Bí òǹkàwé yín bá sì tún pàdé ẹni tó ní irú B.A. yìí, kó má bi í pé kọ́ọ̀sì mélòó ló kó jọ. Kó bi í pé kí ló ṣe lọ́dún tó kẹ́yìn.

Èmi ni,
Ẹni tó gba B.A. àmúlùmálà